Ẹja Orí Agbọ̀n Nìkan Ni Mo Wọ̀n

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Èmi ni mo parọ́ nípa ẹja, kì í ṣe ẹlòmíì, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá sórí page yìí wá sọ̀rọ̀ obìnrin, wá sọ̀rọ̀ àna, wá sọ̀rọ̀ ọmọ tí kò jọ bàbá ẹ̀, èmi wá gbé ọ̀rọ̀ ẹja dé... ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ dákun ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀la Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé kan tí irọ́ mi wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹni tí mo sì bá sọ ọ́, ohun tí wọ́n ń sọ fún mi ni pé kí n gbàgbé ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Mo ti gbìyànjú.

Ọmọ Ìkirè ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, SS2 ni mo ti dúró nílé ìwé. Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Wàsíù la jọ gba yàrá kan lẹ́yìn Jakande Estate. Látìgbà tí mo ti dé Èkó, ọ̀dọ̀ Alhaja ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Alhaja yìí, ìlú kan náà la ti wá, àwọn ni wọ́n mú mi wá láti ilé. Wọ́n ń ta ẹja òkun ní ọjà Bọ́ládé, ní Òṣòdì, ẹja tútù gidi, kì í ṣe èyí tó ń ti inú páálì jáde bíi bíríkì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n sọ agbọ̀n ẹja kalẹ̀ nínú mọ́tò, kí n fọ́ yìnyín lé e, kí n tò ó, kí n bá oníbàárà gé e. Mo mọ ẹja. Ìyẹn, mi ò parọ́ ẹ̀. Ẹ fi aṣọ dì mí lójú kí ẹ fi croaker lé mi lọ́wọ́, màá sọ fún yín bóyá àná ni wọ́n pa á tàbí ìjẹta.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń gbé ní Àjàó Estate, oníbàárà Alhaja ni wọ́n, Àǹtí Dókítà là ń pè wọ́n. Gbogbo wa ló rò pé dókítà ilé ìwòsàn ni wọ́n, àfìgbà tí ẹni tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa to gbogbo ìrora orúnkún ẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn, ni wọ́n bá ní kó má bínú, ẹja làwọn ń ṣe dókítà ẹ̀, àwọn ò mọ nǹkan kan nípa orúnkún. Aláta yẹn bínú, ó ní abájọ tí kò fi sí dókítà nílé ìwòsàn, gbogbo wọn ti lọ bá ẹja. Iṣẹ́ Àǹtí Dókítà ni pé àwọn àti àwọn olùkọ́ kan ní yunifásítì ń wá bí wọ́n ṣe máa mọ iye ẹja tó ṣẹ́ kù nínú òkun wa, kí àwọn apẹja lè mọ èyí tí wọ́n máa kó àti èyí tí wọ́n máa fi sílẹ̀ kó bímọ. Mo bi wọ́n pé báwo lèèyàn ṣe ń ka ohun tó wà nísàlẹ̀ omi, ṣé wọ́n máa ń rì sínú ẹ̀ ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: “Tó o bá wọ ìlú kan, tó jẹ́ pé ọmọdé nìkan lo rí ní títì, tí o ò rí àgbà kan, ṣé ó dìgbà tó o bá kà wọ́n kó o tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ìlú yẹn?” Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹja tó gùn ti pẹ́ láyé, ó ti bímọ. Èyí tó kúrú, wọn ò jẹ́ kó dàgbà ni. Torí náà, wọ́n nílò ẹni tó máa wọn ẹja fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, tó mọ croaker yàtọ̀ sí ẹja mìíràn, tó sì lè kọ̀wé. Alhaja na ìka sí mi, wọ́n ní ọmọ yìí mọ ẹja ju bó ṣe mọ orúkọ bàbá ẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn o. Wọ́n fún mi ní pátákó tí wọ́n ti fa nọ́ńbà sí, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí n wà létí òkun nígbà tí ọkọ̀ bá ń gúnlẹ̀ láàárọ̀, kí n wọn ẹja láti ẹnu dé ìrù, kí n kọ bó ṣe gùn sí, kí n kọ irú àwọ̀n tí wọ́n fi pa á, kí n kọ ibi tí mo ti wọ̀n ọ́n. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹnu mọ́. Wọ́n ní: “Má ṣà á o. Ohun tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ ni kó o wọ̀n, kí àwọn obìnrin tó fọwọ́ kàn án.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n tún bá mi forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà fún WAEC, wọ́n ní orí mi pé, kí n má jẹ́ kó ṣòfò. Kò sẹ́ni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Létí òkun yẹn, mo bá bàbá kan pàdé, Bàbá Sùnmọ́nù. Àtìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ń pẹja. Àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá àwọn olùkọ́ yẹn pé kí wọ́n wá wo òkun àwọn, ẹja ń kéré sí i. Láti ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń bẹ àwọn apẹja yòókù pé kí gbogbo àwọn jọ fi òkun sílẹ̀ kó sinmi fún oṣù méjì lọ́dọọdún, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ ẹja. Àwọn yòókù ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n fẹnu kò pé, ó dáa, ohun tí ìwé àwọn olùkọ́ bá sọ làwọn máa ṣe. Tí ìwé bá ní ẹja ti ń tán, àwọn á sinmi, àwọn tó ni iṣẹ́ yìí á sì pín àwọ̀n olójú ńlá fún wọn. Bàbá ò tiẹ̀ dúró de ìyẹn, wọ́n ti ń fi ọwọ́ hun tiwọn níwájú ilé. Àwọn ni wọ́n máa ń jókòó tì mí lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, wọ́n á máa na ẹja sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọ̀dọ́ apẹja bá sì ń kọjá wọ́n á ní ẹ wá wo ẹni tó ń wọn pósí fún ẹja. Bàbá á ní kí n má dá wọn lóhùn, kí n máa kọ nǹkan mi.

Ẹ má rò pé mo kàn jí lọ́jọ́ kan tí mo ní mo fẹ́ parọ́. Mọ́tò mẹ́rin ni mò ń wọ̀ láti Ìsọlọ̀ débẹ̀, mo gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kí ládàánì tó pèrun àárọ̀. Oṣù méjì àkọ́kọ́, mo lọ dáadáa, Ọlọ́run rí mi. Òjò wá dé. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo débẹ̀ tí òkun ń ru, ọkọ̀ kankan ò jáde, mo gbé fọ́ọ̀mù òfìfo tó ti rin padà sílé. Lẹ́ẹ̀kẹta mi ò lọ mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni òkun wá rọ̀. Mo wà ní Bọ́ládé, mò ń fọ́ yìnyín, ni mọ́tò tó ń kó ẹja wá fún Alhaja dé. Ibo ni ẹja yẹn ti wá? Etí òkun kan náà. Òmíì nínú ẹ̀, ọkọ̀ Bàbá Sùnmọ́nù ló ti wá. Mo wo ẹja, mo wo pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò mi... mo ní ṣé kì í ṣe ẹja náà nìyí ni? Ṣé mọ́tò tó gbé e máa ń sọ ọ́ di ẹja mìíràn ni? Mo wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ní kí n kọ ibi tí mo ti wọ̀n ọ́n, bírò dúró díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo kọ orúkọ etí òkun síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di bí mo ṣe ń ṣe é. Oṣù méje. Ìgbà tí mo dé etí òkun nínú oṣù méje yẹn, ìka ọwọ́ mi kà á tán.

Ṣùgbọ́n ibi tó burú nìyí, tí mo fẹ́ kó yé yín, nítorí àwọn tí mo sọ ọ́ fún ò rí i. Ẹja kékeré kì í dé Òṣòdì. Bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ làwọn obìnrin ti máa ń yí i ká, wọ́n á ṣà á, ńlá sínú yìnyín, ó ń bọ̀ ní Òṣòdì, wẹ́wẹ́ sínú ọpọ́n, ó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yan án. Mo mọ̀. Ojú mi ló ṣe. Tí ẹja bá tún wá dé Bọ́ládé, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ẹja rí mọ̀ pé orí agbọ̀n lojú ọjà. Èyí tó sanra, tí ojú ẹ̀ ń dán, òkè ló ń wà, èyí tí ikùn ẹ̀ ti ń rọ̀, ó wà nísàlẹ̀. Èmi fúnra mi ni mò ń tò ó bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n láti wọn tibẹ̀, Alhaja gbá mi lọ́wọ́ kúrò. Wọ́n ní: “Bí àlejò bá ní òun fẹ́ rí ọmọ ẹ, ṣé èyí tó ní ẹ̀gbẹ̀sì lo máa pè jáde?” Wọ́n ń ṣa ọlọ́lá nínú ẹja wọn fún mi, wọ́n á fi aṣọ nù ún kí n tó gbé e lé pátákó, àfi bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n wá wọn tiwọn náà, kí wọ́n má baà lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé Alhaja nìkan ló ní ẹja gidi. Inú mi ń dùn. Ẹ gbọ́ mi o, inú mi ń dùn. Lọ́kàn mi, mo ní mò ń ṣe àwọn apẹja lóore, mò ń fi ẹja wọn tó dáa hàn. Ọkàn ọlọ́jà ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn èèyàn ní kí n wá wò bóyá ara aláìsàn ti yá, èmi lọ bá a fi pàǹkéèkì kùn ún lójú.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Àǹtí Dókítà pè mí sí Àjàó Estate. Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun wọn, wọ́n fi àwòrán kan hàn mí tó rí bí òkìtì. Wọ́n ní gbogbo ẹja tí mo wọ̀n ló kóra jọ di òkìtì yẹn. Ti oṣù méjì àkọ́kọ́ wà lápá òsì, ibi tí ẹja kéékèèké wà. Ti àwọn oṣù yòókù ti ṣí kúrò, ó ti lọ sápá ọ̀tún, sọ́dọ̀ àwọn ńlá. Inú wọn ń dùn, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ní ẹja kì í yára dàgbà báyìí, bóyá àwọn àgbà ẹja ń padà bọ̀ láti ibi tó jìn. Wọ́n wá wò mí. Kì í ṣe bí ẹni tó ń fura sí mi. Bí ẹni tó fẹ́ kí n fi ọkàn òun balẹ̀ ni. Wọ́n ní: “Ṣé etí òkun ni gbogbo ẹ̀ ti wá?” Mo ní: “Bẹ́ẹ̀ ni mà.” Bẹ́ẹ̀ ni mà! Ṣé irọ́ nìyẹn? Etí òkun kọ́ ni ẹja ti wá ni? Mo mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Mo sì mọ ohun tí mo dáhùn.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ṣe. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sọ pé croaker etí òkun yẹn ti ń gbádùn, pé kò pọn dandan kí wọ́n sinmi, pé àwọ̀n olójú ńlá tí wọ́n fẹ́ pín, kí wọ́n gbé e lọ sí etí òkun mìíràn tí nǹkan ti burú. Ẹnì kan lọ ka ìwé yẹn fún àwọn apẹja kí wọ́n lè mọ̀ ṣáájú ìpàdé ọ̀la. Ọjọ́ kejì ni Bàbá Sùnmọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Mò ń wo fóònù bó ṣe ń gbọ̀n lórí bẹ́ǹṣì láàárín ìpẹ́ ẹja, mi ò gbé e. Wọ́n pè, wọ́n pè. Alhaja ní ṣé obìnrin lo sá fún ni?

Sátidé, ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbé pátákó, mo lọ. Mo bá ọkọ̀ Bàbá bó ṣe ń gúnlẹ̀, mo di ojú mi gan-an, mò ń ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ohun tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mò ń wọ̀n. Ẹ̀yin èèyàn mi... ọmọ wẹ́wẹ́. Ọmọ wẹ́wẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, ẹyọ méjì péré ló lè dé orí agbọ̀n Alhaja. Mo jókòó sórí iyanrìn, fọ́ọ̀mù wà lórí itan mi. Bàbá ò bínú pé mi ò gbé fóònù wọn. Wọ́n ní kí ìyàwó wọn fún mi lẹ́kọ. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ apẹja ti sọ àwọn ní Bàbá Ẹja-ti-tán, pé wọ́n ní ẹja ò tán, àwọn ló ń sá fún. Ọmọ wọn ọkùnrin pàápàá ti bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlòmíì. Àwọ̀n olójú ńlá tí wọ́n ń hun wà níwájú ilé, wọn ò dé ìdajì ẹ̀, wọ́n ti pa á tì, adìẹ ti yé ẹyin sínú ẹ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé yẹn, àwọn náà á máa fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ kó o lọ bíi ti gbogbo ayé, kí làwọn tún fẹ́ sọ? Wọ́n wá sún mọ́ mi. Wọ́n ní: “Ọmọ mi, ìwọ lo wọ̀n ọ́n. Tí ìwé bá ní ẹja tóbi, tí èmi sì ń rí i pé ó kéré, ṣé ojú mi ló ń tàn mí ni? Sọ fún mi, mo ti dàgbà, kò ní dùn mí.”

Wọ́n ti ní kí ọmọ wọn obìnrin mú àwọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Bàbá tí wọ́n ń ti orí omi mọ ibi tí ẹja wà, wọ́n fẹ́ lọ yẹ ojú wò nítorí pé èmi sùn jù láàárọ̀. Mo ní màá bá yín bi Àǹtí Dókítà. Mo jẹ ẹ̀kọ wọn, mo dúpẹ́, mo wọ mọ́tò.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń gbìyànjú àtisọ ọ́, ó dà bíi pé gbogbo ayé dìtẹ̀ pé mi ò ní sọ ọ́. Mo sọ fún Wàsíù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù ní orílẹ̀-èdè yìí, pé òun mọ ẹni tó jókòó sínú ilé tó ka gbogbo èèyàn àdúgbò. Mo sọ fún Alhaja, wọ́n bínú gidi. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ ní Bọ́ládé pé ẹja àwọn ló parọ́ ni? Wọ́n ní ẹni tó fún mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ dójú tì yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni kú? Wọ́n ní òkun ò lè tán. Mo ní Alhaja, ṣé ẹ ò rí i pé ẹja tí wọ́n ń kó wá fún yín náà ti dín kù sí ti èṣí ni? Wọ́n ní kí n lọ fọ́ yìnyín.

Mo lọ sí Àjàó Estate lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ mi sórí bí ẹni fẹ́ ka kéú. Kí n tó jókòó tán, Àǹtí Dókítà ti gbé ìwé yẹn fún mi, wọ́n ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, orúkọ mi wà níbẹ̀, orúkọ bàbá mi wà níbẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nínú ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá àwọn ò fẹ́ gba ọmọ tí kò ka ìwé púpọ̀ síṣẹ́, pé wọ́n ní ilé ni irú wọn ń jókòó sí tí wọ́n ń kọ ohun tó bá wù wọ́n, pé àwọn fi ara àwọn dúró fún mi, àwọn ní ọmọ tàwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu. Ọkọ̀ òfurufú kan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ilé, ẹ̀yin tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ ní láti dúró kó kọjá tán kí ẹ tó gbọ́ ara yín. A dúró. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, wọ́n ń dúró de ohun tí mo fẹ́ sọ. Kí ariwo yẹn tó lọ tán, ọkàn mi ti sá. Mo ní ẹ ṣeun mà. Mo délé, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ níkẹyìn ni pé mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa ẹja yẹn. Wọ́n fèsì pé tó bá di Ọjọ́bọ̀ a máa sọ ọ́, kí n mú pátákó dání, àwọn kan fẹ́ rí bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Mo bínú. Ara mi ni mo bínú sí, ṣùgbọ́n mo tún bínú sí gbogbo yín díẹ̀. Kí ló dé tó rọrùn bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré nínú oṣù méje? Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí mo fẹ́ sọ òtítọ́ ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn mi?

Àná, mọ́tò ẹja dé sí Bọ́ládé. Dírẹ́bà sọ agbọ̀n Alhaja kalẹ̀ tán, ó wá fún mi ní láílọ́ọ̀nù dúdú kan, ó ní Bàbá Sùnmọ́nù ní kó fún mi lọ́wọ́. Croaker kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ nínú yìnyín, ọmọ kékeré. Ó ní Bàbá ní kí n bá àwọn wọ̀n ọ́n pẹ̀lú pátákó, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé ojú tàwọn rí i bíi pé kò tó àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ohun tí èmi bá kọ làwọn máa gbà.

Mo wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì. Kò tó àtẹ́lẹwọ́. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, mo kọ àwọ̀n wẹ́wẹ́, mo dé ibi tí wọ́n ní kí n kọ ibi tí mo ti wọ̀n ọ́n, bírò tún dúró bíi ti ọjọ́ kìíní. Mo kọ Bọ́ládé, Òṣòdì. Láti oṣù méje, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa kọ ọ́ síbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yẹn wà lápò ṣẹ́ẹ̀tì mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, òun àti ti Sátidé. Ìwé méjì tó jẹ́ òótọ́, oṣù méje tó jẹ́ irọ́. Tí mo bá sọ ọ́, Àǹtí Dókítà á tẹ́ níwájú àwọn tí wọ́n fi ara wọn dúró fún mi lọ́dọ̀ wọn, Alhaja lè lé mi, ilé ìwé mi á dúró. Tí mi ò bá sọ ọ́, Bàbá á gbà pé ojú àwọn ti fọ́, wọ́n á sì gbé àwọ̀n wẹ́wẹ́ padà sínú omi. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàgbé ẹ̀, mo ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún mi kó tó di àárọ̀ ọ̀la ni èyí: ṣé kí n dúró de Àǹtí Dókítà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé ìpàdé, kí ojú tì wọ́n níkọ̀kọ̀, àbí kí n gbé pátákó dìde níwájú gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, kí n sì wọn ẹja Bàbá níbẹ̀? Mo ti fọ́ yìnyín tuntun lé e lórí. Kò ní bàjẹ́ kílẹ̀ tó mọ́.